Orogún Onítáyà Mẹ́rin

Láti ọjọ́ tí a ti sin Bàbá wa, gbogbo ẹni tó bá wá kí wa ló ń sọ pé ènìyàn jẹ́jẹ́ ni. Mo máa ń gbé omi fún wọn, mo máa ń ṣe àmín sí àdúrà wọn, ṣùgbọ́n nínú mi mo ń bi ara mi pé ta ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Bàbá tí mo bá gbé ilé kan náà ní Pàkátà kì í ṣe ènìyàn jẹ́jẹ́ rárá. Alágídí ni. Àwàdà rẹ̀ máa ń dunni. Ó sì lè fi odidi ọ̀sẹ̀ kan bá ènìyàn jà nítorí irin tí kò gùn ju èékánná lọ. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju gbogbo bàbá àgbà tó wà ní Ìlọrin lọ, mo sì jowú lórí rẹ̀ títí ó fi kú. Kí n má purọ́ fún yín, mo ṣì ń jowú bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí.

N kò ní sọ ọdún tí wọ́n bí i, n kò sì ní ka iye ọmọ tó fi sáyé lọ. Àwọn bàbá mi ti kọ gbogbo ìyẹn sínú ìwé pélébé tí wọ́n pín fún àwọn àlejò. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé mẹkáníìkì ni, pé ó lọ sí Mẹ́kà, pé ó fẹ́ràn ẹbí rẹ̀. Wọn kò dárúkọ mọ́tò kankan. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹni tó bá fẹ́ mọ Bàbá gbọ́dọ̀ mọ mọ́tò náà, nítorí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ọkàn Bàbá wà ní gbogbo ìgbà tí àwa yòókù ń wá a.

Nígbà tí ara Bàbá ṣì le koko, kí wọ́n tó bí mi, ó ṣiṣẹ́ mẹkáníìkì lọ́dọ̀ àwọn tó ń la ọ̀nà. Ọ̀gá rẹ̀ jẹ́ òyìnbó Amẹ́ríkà kan tí àwọn òṣìṣẹ́ ń pè ní Onírùngbọ̀n. Òyìnbó yìí ti fi mọ́tò sáré ìje rí nílùú rẹ̀. Kì í ṣe eré tí wọ́n ń yípo o. Mọ́tò méjì ni yóò dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lójú ọ̀nà tààrà kan, ẹnì kan á ju àsíá, wọ́n á já, kí o sì tó ka mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó ti parí. Mọ́tò tó fi sáré náà gùn tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹsẹ̀ tata. Táyà iwájú rẹ̀ rí tín-ín-rín bíi ti kẹ̀kẹ́ ológeere, tẹ̀yìn sanra, ẹ́ńjìnnì wà ní gbangba láìsí ìbòrí, awakọ̀ sì ń jókòó sẹ́yìn pátápátá, ó kọjá táyà ẹ̀yìn. Onírùngbọ̀n ní fọ́tò rẹ̀ kan, ó sì ní pépà tí wọ́n ya ìwọ̀n gbogbo irin ara rẹ̀ sí. Kó tó padà sílùú rẹ̀, ó fún Bàbá ní fọ́tò náà, ó sì jẹ́ kó da ìwọ̀n inú pépà kọ.

Bàbá kò tíì mọ ìwé òyìnbó nígbà náà, kéwú ló kà. Nọ́ńbà Lárúbáwá ló fi kọ gbogbo ìwọ̀n náà sínú ìwé kékeré kan, ó sì fi àjámì kọ orúkọ irin kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ìyẹn Yorùbá wa tí a fi háráfì Lárúbáwá kọ. Ìwé náà sùn sínú àpótí rẹ̀ fún ohun tó lé ní ogún ọdún. Kò jí àfi ìgbà tí dókítà ojú sọ fún Bàbá pé ohun tó ti lọ nínú ojú rẹ̀ kò ní padà wá, pé ohun tó kù náà ń lọ. Ìparí àwọn ọdún 1980 ni. Ó ti ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Challenge pa, ó wálé, ó ṣí àpótí, ó ní òun fẹ́ ṣe mọ́tò Onírùngbọ̀n ní kékeré, íńṣì kan fún ẹsẹ̀ bàtà kan, láìdín, láìlé. Àwọn ọmọ rẹ̀ bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe. Ó ní, “Mo fẹ́ fojú mi rí i kí ojú tó ṣú.”

Ìwọ̀n ni ẹ̀sìn rẹ̀ kejì. Ó máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀ lẹ́yìn ìrun àsùbáà pẹ̀lú rúlà onírin, gbogbo ẹni tó bá ń kọjá ló ń fi ìwọ̀n mọ́tò náà sọ di kékeré. Ó máa ń sọ fún ọkọ ẹ̀gbọ́n mi tó ga pé, “Ìwọ, íńṣì mẹ́fà àti ààbọ̀, o ò lè gba inú mọ́tò mi.” Ó ka èmi náà. “Ràmátù, íńṣì márùn-ún àti díẹ̀. Díẹ̀ yẹn, ẹnu rẹ ni.”

Aládùúgbò wa kan wọlé lọ́jọ́ kan, ó rí táyà ẹ̀yìn méjèèjì tí Bàbá gé láti ara táyà tírélà, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Àlàájì, mọ́tò ìṣeré yìí mà dára o. Ọmọ ta lẹ̀ ń ṣe é fún?” Bàbá ní kó jókòó. Ó gbé rúlà lé e lọ́wọ́, ó ní kó wọn táyà náà, kó sọ ọ́ di ìlọ́po méjìlá, kó tún wọn àsù ẹ̀yìn, irin tó so táyà méjèèjì pọ̀, kó tún sọ ìyẹn náà di ìlọ́po méjìlá. Ọkùnrin náà ò dé ibi tó ń lọ títí wọ́n fi pe ìrun alásárì. Nígbà tó fẹ́ dìde, Bàbá sọ fún un pé, “Ohun tí kò ní ìwọ̀n ni wọ́n ń pè ní ìṣeré.”

Ìyá wa àgbà, ìyàwó Bàbá, ló kọ́kọ́ pe mọ́tò náà ní orogún. Bàbá ò fẹ́ obìnrin mìíràn lé e rí, Ìyá sì ti máa ń fi ìyẹn yangàn láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ọjà-Ọba. Nígbà tí irin wá gba odidi yàrá kan, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ò jẹ́ kó gbádùn mọ́. Òun náà wá sọ ọ́ di ẹ̀fẹ̀. Láràárọ̀ ni yóò kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà yàrá náà, ìyáálé tó ń kúnlẹ̀ kí ìyàwó, yóò ní, “Ìyàwó, ẹ káàárọ̀ o. Ṣé ọkọ wa jẹ́ kẹ́ ẹ sùn?” Bàbá á dáhùn láti inú yàrá pé, “Ó sùn dáadáa. Kì í ráhùn.”

Ẹ̀fẹ̀ yẹn dópin lọ́jọ́ tí Ìyá rí gèlè tí Bàbá rà fún un láti Mẹ́kà lórí mọ́tò náà. Ó ti wá a fún ọjọ́ mẹ́ta, ó sì ti fẹ̀sùn kan èmi. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó nawọ́ sí gèlè náà.

“Àlàájì! Ẹ gbé aṣọ wá fún mi láti ilẹ̀ mímọ́, ẹ wá fi bo irin?”

“Ìyá Sùlé, ṣe sùúrù. Eruku ń wọ̀ ọ́.”

“Eruku ò wọ èmi ni?”

“Tìrẹ ṣeé fọ̀,” Bàbá dáhùn.

Ọjọ́ méjì ni Ìyá ò fi dáná fún un. Èmi àti Ìyá la jọ ń jowú nínú ilé yẹn, ṣùgbọ́n tirẹ̀ ní ẹ̀rín nínú, ó sì ní òpin. Bí Bàbá bá ti rà tùràrí fún un, ó ti parí. Tèmi ò rí nǹkan kan tó lè tán an.

Ẹlòmíràn tó máa ń bá a jà ni Alfa Sálíù, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ilé kéwú. Gbogbo Jímọ̀ ló máa ń yà lọ́dọ̀ wa. Bó bá ti kí wa tán báyìí, ó ti dójú kọ mọ́tò.

“Àlàájì, ère lẹ̀ ń gbẹ́ yìí. Hàráámù ni.”

“Ère wo ló ní páìpù èéfín mẹ́jọ?”

“Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Wọ́n á ní kẹ́ ẹ fẹ́ ẹ̀mí sí i lọ́jọ́ àlùkìyámọ̀.”

“Alfa, mọ́tò ò lẹ́mìí. Ẹni tó bá jókòó sínú rẹ̀ ló lẹ́mìí, n ò sì ní gbẹ́ onítọ̀hún. Ṣé ó tẹ́ yín lọ́rùn?”

Ó tẹ́ Alfa lọ́rùn fún ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀sẹ̀ kejì ó wá gbọ́ pé mọ́tò náà ò lè yà dáadáa, tààrà nìkan ló mọ̀. Ó káwọ́ lérí. “Bó bá dé ráńdábáọ̀tù Post Office ńkọ́?” Bàbá ní, “Ta ló pè é sí Post Office?” Nígbà tí Alfa tún rí àpò aṣọ tó so mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, Bàbá ṣàlàyé fún un pé bíréèkì nìkan ò lè dá a dúró bó bá ti sáré tán, pé aṣọ náà ló ń ṣí bí agboòrùn lẹ́yìn rẹ̀ tí yóò fi rọra dúró. Ó ní, “Sísáré ò le, Alfa. Dídúró ni iṣẹ́.” Alfa gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ sínú ìwàásù rẹ̀ ní Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, kò sì sọ ibi tó ti gbọ́ ọ. Inú bí Bàbá tó fi jẹ́ pé mọ́sálásí mìíràn ló lọ fún oṣù kan. Ẹ wá rí i pé kì í ṣe èmi nìkan ló ń jowú nínú ẹbí wa.

Mo ní láti sọ̀rọ̀ Mútíátù báyìí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ni, ó fi ọdún méjì jù mí lọ. Ó ti gba fírídọ̀ọ̀mù iṣẹ́ télọ̀, ó sì gbé máṣíìnì rẹ̀ síwájú ilé wa. Èmi ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ẹ̀kọ́ girama, mo ṣe ìdánwò àtiwọ yunifásítì, kò bọ́ sí i, mo wá jókòó sílé bí ẹrù tí wọn ò tíì rí ẹni tó ni ín. Mútíátù ní ọwọ́. Ohun tó bá fọwọ́ kàn ló ń gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Bí èmi bá mú abẹ́rẹ́, ẹ̀jẹ̀ la ó kọ́kọ́ rí.

Láti inú àjákù awọ tí àwọn tó ń rán bàtà ní Ọjà-Ọba gé dànù ni Mútíátù ti rán ìjókòó mọ́tò náà. Òun ló rán àpò aṣọ ẹ̀yìn. Òun ló bá Bàbá tẹ irin agboòrùn ṣe sípóòkù táyà iwájú. Òun ló kó ẹ́ńjìnnì tí Bàbá fi igi gbẹ́ lọ fún àwọn tó ń yọ́ páànù ṣe ìkòkò, tí wọ́n fi bá a rọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó jọra. Bàbá kì í yin ènìyàn. Bí nǹkan bá dára, ohun kan ṣoṣo tó máa ń sọ ni “Ó bọ́ sí i.” Mo gbọ́ tó sọ ọ́ fún Mútíátù ju ìgbà mẹ́wàá lọ. Kò sọ ọ́ fún èmi rí.

Ṣùgbọ́n mo ní nǹkan kan. Mútíátù ò ka kéwú parí, kò mọ nọ́ńbà Lárúbáwá. Àwọn bàbá mi ò ráyè. Ojú Bàbá ò lè rí ohun tóun fúnra rẹ̀ kọ mọ́. Èmi nìkan ni mo lè ka ìwé náà fún un. Lẹ́yìn ìrun alásárì yóò ní, “Ràmátù, wá yá mi lójú,” mo sì máa jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èjìká mi á kan tirẹ̀, màá máa kà, yóò máa fi ìka tọ rúlà lọ. Ó ti fi ayùn dá ojú rúlà náà ní íńṣì kọ̀ọ̀kan kí ìka rẹ̀ lè máa kà á. Wákàtí yẹn nìkan ni tèmi nínú gbogbo ọjọ́. Bí Mútíátù bá wọlé sí wa lákòókò náà, mo máa ń gbé ohùn sókè.

Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ìjókòó awọ náà sáàyè rẹ̀, gbogbo wa wà nínú yàrá, Ìyá náà wà níbẹ̀. Bàbá fi àtàǹpàkò yí etí rẹ̀ ká, ó ní, “Ó bọ́ sí i.” Lẹ́yìn náà ló wá ní, “Bí mo bá kú, Mútíátù ni kẹ́ ẹ gbé e fún o. Òun ló mọ bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ mú un.” Ìyá ní ó tì o, Bàbá máa pẹ́ láyé. Mútíátù kúnlẹ̀ dúpẹ́. Ìwé náà wà lórí itan mi, ó ṣí sílẹ̀, kò sì sẹ́ni tó wo apá ọ̀dọ̀ mi.

Ní ọjọ́ kejì, ó ní kí n ka irin iwájú fún òun. Irin yìí ló gùn jù nínú ṣásí, ìyẹn egungun mọ́tò tí gbogbo nǹkan yòókù ń jókòó lé. Mo wo ìwé. Mẹ́fà ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ka kéwú mọ̀ pé mẹ́fà Lárúbáwá àti méje òyìnbó jọra bí ìbejì. Ọmọ tó bá ti ilé ìwé òyìnbó dé ilé kéwú máa ń ṣì í kà, pátíyẹ̀ ni wọ́n fi ń kọ́ ọ. Èmi ò ṣì í kà mọ́ láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ. Bàbá gan-an ló kọ́ mi.

“Méje, Bàbá.”

“Méje?”

“Méje ni mo rí.”

Ó mú páìpù kọ́pà tí wọ́n yọ lára fíríìjì, ó fi ìka ka ojú rúlà títí dé ojú keje, ó sì gé e. N kò ní sọ pé èṣù ló tì mí. Èmi ni mo ṣe é, mo sì mọ ohun tí mò ń ṣe. Mo fẹ́ kí ohun tí wọ́n fẹ́ gbé fún Mútíátù ní àléébù, kí èmi nìkan sì mọ ibi tó wà.

Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe ṣásí yẹn. Bàbá fi òjé jó páìpù mọ́ páìpù, ó ha á, ó kùn ún ní pupa. Láàárín oṣù mẹ́ta yẹn ni ojú rẹ̀ fi ń yára lọ. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, bí mo bá yọ lẹ́nu ọ̀nà ló ti máa ń pe orúkọ mi. Nígbà tó yá, ó di kí n sún mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ó di ìró ẹsẹ̀ nìkan. Mo ń rí i. Mo ń wo ojú tó ń lọ, mo ń wo irin tó fi íńṣì kan gùn jù, mo sì ń panu mọ́.

Nígbà tí Mútíátù gé páànù tí wọ́n máa fi bo ara rẹ̀, kò kárí. Ó kù íńṣì kan gbáko níwájú. Bàbá bínú sí i, ó ní ọwọ́ rẹ̀ ti ń kọ́ ọ̀lẹ, ó ní kó tún un gé. Ó tún un gé, kò tún kárí. Ó jókòó sídìí máṣíìnì rẹ̀, ó ń sunkún. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà. Mo jẹun yó, mo tún bu kún un.

Ohun tí mo gbàgbé ni àròpọ̀. Ìgbà tí Bàbá ti ronú lórí páànù náà fún ọjọ́ bíi mélòó kan, ó pè mí.

“Ràmátù, wo ìsàlẹ̀ ojú ìwé yẹn. Kí ni gbogbo gígùn rẹ̀?”

Kí n tó ronú, ẹnu mi ti sọ ọ́. “Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.”

Ó gbé rúlà ti mọ́tò náà. Mo ń wo ìka rẹ̀ bó ṣe ń rìn láti ojú kan dé òmíràn, láti ẹ̀yìn bọ̀ síwájú. Ó kà á tán, ó padà sẹ́yìn, ó tún un kà. Mẹ́rìndínlógún ni. Mo ń gbọ́ máṣíìnì Mútíátù níta.

“Tún irin iwájú kà fún mi.”

“Mẹ́fà, Bàbá.”

Ó yí ojú tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ríran mọ́ náà sí mi. “Ojú rẹ yá lónìí,” ló sọ.

Ó ní kí wọ́n bá òun mú ayùn irin wá. Ìyá rí ohun tó fẹ́ ṣe, ó sáré wọlé, ó di apá rẹ̀ mú, àwàdà orogún ti tán lẹ́nu rẹ̀. “Àlàájì, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Ẹ wo bó ṣe rẹwà tó. Íńṣì kan péré! Ta ni yóò mọ̀?” Bàbá ní, “Èmi ti mọ̀.” Ó gbé ayùn lé pupa náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé e. Ó rẹ̀ ẹ́, ó sinmi, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ìdọ̀tí kọ́pà ń dà sórí aṣọ rẹ̀. Nígbà tí egungun mọ́tò náà já sí méjì, ó pe Mútíátù wọlé, ó ní kó má bínú, pé páànù rẹ̀ ò lẹ́ṣẹ̀, pé òun lòun ṣì í kọ látijọ́, òun kọ mẹ́fà bíi méje. Mútíátù ní kò tọ́ kí Bàbá máa bẹ òun. Mo dúró síbẹ̀. Gbogbo àyè tí mo nílò láti sọ̀rọ̀ ló ṣí sílẹ̀ fún mi, mo sì jẹ́ kó ti.

Láti ọjọ́ yẹn, kò ní kí n wá yá òun lójú mọ́. Ó rán Mútíátù lọ sọ́dọ̀ Alfa Sálíù, kó lọ kọ́ nọ́ńbà Lárúbáwá. Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi mọ̀ ọ́n. Èmi wá di ẹni tó ń bá wọn pọn omi.

Oṣù mẹ́rin mìíràn ló gbà wọ́n kí mọ́tò náà tó parí, nítorí ìka ló kù tí Bàbá fi ń ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ tó parí, a gbé e sórí ẹní ní àárín ilé. Kò sí ohun tó ṣẹ́kù nínú ojú rẹ̀ mọ́. Ó fi ọwọ́ méjèèjì rìn ín láti táyà iwájú, ó kọjá lórí irin gígùn, ó ka páìpù èéfín mẹ́rin lápá ọ̀tún, ó ka mẹ́rin lápá òsì, ó dé ìjókòó, ó dé àpò aṣọ. Ó béèrè pé, “Ràmátù, irú pupa wo ló jẹ́?”

Inú mi ṣí. Èmi ló bi. Mo ní, “Bí ata rodo tó ti pọ́n dáadáa, Bàbá.”

Ó mi orí. Ó wá yí ojú sí apá kejì. “Ṣé bẹ́ẹ̀ ni, Mútíátù?”

Ó tún lo ọdún mẹ́fà sí i láyé. Mo wọ yunifásítì lọ́dún tó tẹ̀lé e. Gbogbo ìgbà tí mo bá wálé fún ìsinmi, ó máa ń ní kí gbogbo ènìyàn jáde kúrò lọ́dọ̀ òun, kí èmi jókòó. Mo máa ń fi ìyẹn yangàn nínú ara mi. Yóò ní, “Kí ni ìròyìn?” Màá sọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ mi, màá sọ̀rọ̀ omi tí kò yọ níbi tí à ń gbé, màá sọ̀rọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ mi. Ó máa ń tẹ́tí gbọ́ gbogbo rẹ̀ títí dópin. Lẹ́yìn náà ni yóò ní, “Ìyẹn nìkan?” Màá ní, “Ìyẹn nìkan ni, Bàbá.” Yóò wá ṣàdúrà fún mi, yóò sì ní kí n lọ jẹun.

Ní ọjọ́ àdúrà fìdáù rẹ̀, èmi àti Mútíátù la jọ ń fọ abọ́ lẹ́yìnkùlé. Àwọn àlejò ti ń lọ. Wọ́n ti gbé mọ́tò náà fún un láàárọ̀, gẹ́gẹ́ bí wàsíyà tí Bàbá fi sílẹ̀. Bóyá nítorí ìyẹn ni, tàbí nítorí pé ó ti rẹ̀ mí, n kò mọ̀. Mo sọ ọ́ fún un. Mo ní mẹ́fà ni mo rí lọ́jọ́ náà, mo mọ̀ pé mẹ́fà ni, mo sì sọ pé méje.

Kò tilẹ̀ gbé ọwọ́ kúrò nínú omi.

“Mo ti mọ̀,” ló sọ. “Bàbá sọ fún mi lọ́jọ́ tó gé e gan-an. Ó ní mi ò gbọdọ̀ bi ẹ́, mi ò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí Ìyá gbọ́. Ó ní ìwọ fúnra ẹ lo máa wá sọ ọ́ fún òun.” Ó ṣan abọ́ kan, ó gbé e dà sójú oòrùn. “Wàlláhì, gbogbo ìgbà tó o bá ti padà sílé ìwé ni mo máa ń bi wọ́n bóyá o ti sọ ọ́. Wọ́n á ní, ‘Ó ń bọ̀ wá sọ ọ́.’”

Mo mọ ohun tó yẹ kí n rò. Ó yẹ kí n rò ó pé mo gba oṣù mẹ́ta lọ́wọ́ ojú tí kò ní ju oṣù mélòó kan mọ́, pé afọ́jú àgbàlagbà kan sì jókòó fún ọdún mẹ́fà, ó ń retí gbólóhùn kan láti ẹnu mi. Èrò yẹn dé nígbà tó yá, kò sì tíì lọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló kọ́kọ́ dé. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níbẹ̀ tí ọṣẹ wà lọ́wọ́ mi, ohun tó kọ́kọ́ gún mi láyà ni pé Mútíátù ni Bàbá sọ ọ́ fún.